Koríko Tí Bàbá Mi Gbìn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ìkòkò omi ìyá mi lọ, koríko ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn mí. Kì í ṣe ìkookò, kì í ṣe iwin, kì í ṣe àwọn gáàdì Kòmándà òyìnbó tó ń wá gba owó orí. Koríko ni. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè Manigri nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dàhòmẹ̀, ẹ ó rántí pé kí oòrùn tó yọ ni ìró ìgbálẹ̀ ti ń dún láti agboolé dé agboolé. Àwa ọmọbìnrin ló ń gbálẹ̀. A ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó di ọwọ́ òsì sẹ́yìn, a ó máa gbá a lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi tó wà láàrin agboolé, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ bí àwo. Ìlà ìgbálẹ̀ a sì wà lára ilẹ̀ náà bí ìlà ara aṣọ òkè. Bí koríko kan bá yọ orí níbẹ̀, a ó fi èékánná tu ú tigbòǹgbòtigbòǹgbò kí àgbà kankan tó rí i.

Ní ilé tiwa, ìdí mìíràn tún wà. Èmi Sàlá kọ́ ni àkọ́bí bàbá mi. Ọmọkùnrin kan wà ṣáájú mi, Ìsúfù ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí èmi ń lọ sí mẹ́rin. Ní àsìkò tí wọ́n ń ro oko iṣu lọ́dún náà, òjò pọ̀, bàbá mi kì í sì í tètè ti oko dé. Koríko ẹ̀yìn ilé ga dé orúnkún. Ewúrẹ́ ìyá mi já okùn lọ síbẹ̀, Ìsúfù lọ mú un, ejò sì bù ú jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe bàbá mi dé láti oko, ọmọ ti lọ.

N kò rántí ojú Ìsúfù mọ́. Ohun tí mo rántí ni ìró ọkọ́ bàbá mi ní ọjọ́ kejì. Láti òwúrọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀yìn ilé. Kò jẹun, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ro ó dé ààlà ilẹ̀ wa, ó kọjá ààlà, ó ro ti aládùúgbò wa, ó ro ó dé ibi tí ilẹ̀ ti ń gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, kí àwọn àgbà tó lọ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ogójì ìṣísẹ̀ yí ilé wa ká, koríko kò hù mọ́. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, bàbá mi á ti wà níta ní kùtùkùtù pẹ̀lú ọkọ́. Ó máa ń sọ fún wa pé ilẹ̀ tó mọ́ kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ọmọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé inú Kùránì ló wà.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Bassila, ohun tó mú kí bàbá mi gbà kí n lọ kò ju pé ó lè rí òrùlé rẹ̀ láti orí ebè rẹ̀. Ó ní bí mo bá wà níbẹ̀, òun á lè máa ṣọ́ mi, àmọ́ bí mo bá wà ní odò, òun kò ní rí mi. Àwa mọ́kànlélógójì ni a wà nínú kíláàsì náà, ọmọbìnrin méjì péré. Ilé alámọ̀ kan ni, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi bò ó lórí. Ìyá mi máa ń sọ pé koríko kan ṣoṣo tí ọkọ òun fẹ́ràn ni èyí tó ti kú, tó sì wà lórí òrùlé.

Olùkọ́ wa jẹ́ ọmọ Kétu. Mẹ́tìrì ni a ń pè é. Ó ga, ó tín-ín-rín, ìlà ṣòkòtò gígùn rẹ̀ sì máa ń mú bí abẹ. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, a sì fi í rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni a fi rẹ́rìn-ín. Ìyà rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó gùn: ẹni tó bá pẹ́ dé á pọn omi igbá mẹ́ta láti odò, ẹni tó bá sọ èdè ilé nínú kíláàsì á ṣa òkúta tó kún agbọ̀n, Mẹ́tìrì á sì ka òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí aago ìsinmi bá lù, a ó jókòó sábẹ́ igi irúgbá ńlá tó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́, a ó jẹ wásáwásá, oúnjẹ èlùbọ́ iṣu tí wọ́n fi òróró ẹ̀pà àti ata pò. Bí èso irúgbá bá ti gbó, a ó bó o, a ó da ìyẹ̀fun òfeefèé inú rẹ̀ sẹ́nu títí ètè gbogbo wa á fi dà bíi ti ẹni tó lá pupa ẹyin.

Lára ògiri kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ilẹ̀ ayé, Mẹ́tìrì kan àwòrán kan mọ́ ọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní àlùfáà òyìnbó kan ló fún òun nígbà tí òun ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà ni. Mo ti wo àwòrán náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè tún un yà fún yín. Ilé alábíríkì pupa mẹ́fà ni, àjà méjì-méjì, fèrèsé wọn funfun. Wọn kò tò sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ìsọ̀ ọjà. Wọ́n kọjú sí ara wọn yí pápá kan ká, kò sì sí ilé kankan láàrin pápá náà. Koríko ló wà níbẹ̀, kúkúrú, ó tẹ́ bí ẹní. Àwọn igi ńlá dúró lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀nà funfun gba abẹ́ wọn kọjá láti ilé dé ilé, wọ́n sì pàdé láàrin. Kò sí ògiri tó yí i ká. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó lórí koríko náà, ó na ẹsẹ̀, ó ń kàwé.

Mẹ́tìrì fi àwòrán yìí kọ́ wa ju bí ó ti fi ìwé kọ́ wa lọ. Ó ní àwọn tó ṣe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ronú nípa ilẹ̀ kí wọ́n tó ronú nípa ilé. Wọ́n á wá ilẹ̀ tó gbòòrò, tó jìnnà díẹ̀ sí ariwo ìlú. Wọ́n á fi àárín rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àárín yẹn ni kíláàsì tó tóbi jù, ibẹ̀ ni ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò ti ń pàdé ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn. Wọ́n á gbin igi tí àwọn fúnra wọn kò ní jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún wa pé ẹni tó bá ń rìn lójoojúmọ́ ní ibi tí wọ́n fi ọgbọ́n tò, ọgbọ́n a máa wọ̀ ọ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́ nígbà náà, n kò sì tíì jáwọ́.

Ohun tí ó pinnu láti ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà Bassila nìyẹn. Àwọn òbí mọ ilé alámọ̀ méjì mìíràn, Mẹ́tìrì ní kí wọ́n má ṣe tò wọ́n tẹ̀lé èyí àkọ́kọ́, kí ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, kí èkejì wà lósì, kí wọ́n kọjú síra, kí ojú kẹrin ṣí sí ọ̀nà. Igi mẹ́rìndínlógún ni a gbìn, ọ̀gànwó mẹ́jọ lápá kan, máńgòrò mẹ́jọ lápá kejì, ó sì fi okùn àti èèkàn wọn àyè àárín wọn. Igi kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọmọ tó ń bomi rin ín. Ọ̀gànwó karùn-ún lọ́wọ́ òsì ni tèmi. Àwọn àgbà ní kí ó gé irúgbá àárín kúrò nítorí ó dí okùn náà lọ́wọ́. Ó kọ̀. Ó ní igi tó ti dé ṣáájú wa kì í ṣe àlejò wa.

Títí dé ibẹ̀, inú gbogbo ìlú dùn sí i. Koríko ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ mọ koríko tó ń rákò yẹn, tí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ta gbòǹgbò, tó jẹ́ pé bí o bá gé e sí mẹ́wàá, mẹ́wàá ló máa hù. Àwọn bàbá wa ń fi gbogbo agbára wọn pa á lóko. Mẹ́tìrì rán wa lọ tu ú ní etí odò, a sì gbìn ín sí gbogbo àárín ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà wá. N kò sọ fún bàbá mi. Bí ó bá bi mí ohun tó wà ní èékánná mi, mo máa ń sọ pé igi ni a ń gbìn, irọ́ kọ́ ni, kì í sì í ṣe òótọ́. Oko iṣu gbà á lákòókò nígbà náà, kò rí àyè wá wò ó. Òjò méjì rọ̀, koríko náà sì so ọwọ́ pọ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé kan, Mẹ́tìrì sọ fún wa pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà. Yóò wo ilé-ẹ̀kọ́ wa, yóò sì pinnu bóyá wọ́n á ṣí kíláàsì òkè síbẹ̀, èyí tó ń múni lọ sí ìdánwò sẹ́tífíkà, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹni tó bá fẹ́ máa kàwé lọ yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Bassila, yóò máa gbé ní ilé onílé. Gbogbo kíláàsì yíjú wò mí. Wọ́n mọ bàbá mi. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì mọ̀ pé bí alábẹ̀wò bá kọ̀, ìwé mi ti parí.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi wá tún òrùlé kíláàsì ṣe níbi tó ti ń jò. Aago ìsinmi ti lù. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lára ọ̀dọ́mọbìnrin inú àwòrán yẹn, mo bá jókòó sórí koríko, mo na ẹsẹ̀, mo ṣí ìwé sórí itan. Bí mo ṣe gbé ojú sókè, bàbá mi dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi. Kò pariwo. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó gbé mi sí èjìká bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì gbé mi délé bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọkùnrin gbogbo. Ìtìjú náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe di orí rẹ̀ mú, mo gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Nígbà tí a délé, ó sọ fún ìyá mi pé n kò ní padà síbẹ̀ títí ilẹ̀ ibẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ rántí pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ó ṣe kòńgẹ́ pé ọwọ́ àáró ti kan bàbá mi lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin mọ́kànlá ló yẹ kó wá bá a ro oko iṣu. Ó kó gbogbo wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Mẹ́tìrì ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Bassila láti kí àwọn aláṣẹ nípa àbẹ̀wò náà. Àwọn ọkùnrin náà rò pé olùkọ́ ni kò ní ọkọ́ tó tó, ojú sì tì wọ́n pé wọ́n jẹ́ kí ọmọ Kétu máa gbé inú igbó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n ro ó, wọ́n kó koríko náà jọ sẹ́yìn ilé. Àwọn ìyàwó wọn wá gbá a. Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ pupa gbangba ni, ìlà ìgbálẹ̀ sì lọ láti ilé dé ilé. Bàbá mi wọn omi sí i kí eruku má baà dìde.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ́wọ́ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Mẹ́tìrì dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kò tíì bọ́ ìdè tó fi di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́. Bàbá mi kí i, ó ní àwọn ti bá a tún ilẹ̀ ṣe, kó má ṣe dúpẹ́, ọmọ gbogbo wa ni wọ́n.

Mẹ́tìrì jókòó sórí gbòǹgbò irúgbá.

"Bàbá Sàlá, èmi ni mo gbìn ín."

Bàbá mi rò pé ó ń ṣe àwàdà. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi í léèrè ta ní í gbin koríko. Nígbà tó rí i pé ojú Mẹ́tìrì kò yí padà, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́tìrì wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó sọ. Ó ní òun fi odindi oṣù ṣe ohun tí wọn kò rí rí, wọ́n fi ọjọ́ kan sọ ọ́ di oko. Ó ní alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la, kò sì ní rí nǹkan kan tó fi ibí yàtọ̀ sí ìyókù, kíláàsì á lọ sí ibòmíràn.

"Ọmọ tiyín gan-an ló máa kọ́kọ́ padà sí ìdí ààrò," ló wí.

"Ó sàn kó wà ní ìdí ààrò ju kó wà níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ," ni bàbá mi dáhùn.

Mẹ́tìrì béèrè níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Kò sí ẹni tó ti sọ fún un, àlejò ni. Bàbá mi ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wa ilẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, ohùn mi kò sì lọ sókè: "Ejò ni, Mẹ́tìrì. Nínú koríko." Mẹ́tìrì ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú níwájú àyà. Ó ní kí bàbá mi dákun bá òun wọlé.

Bàbá mi kò tíì wọ inú kíláàsì rí. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Mẹ́tìrì mú un dé iwájú àwòrán náà, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá mi kò yára. Ó fi ìka tọ ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí ká. Ó ní agboolé ni, ilé wọn kọjú síra bíi tiwa, igi wọn wà láàrin bíi tiwa, àfi pé wọn kò gbálẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ń sin òkú wọn bí ejò bá bù wọ́n jẹ. Mẹ́tìrì ní òun kò mọ̀. Ó béèrè ibi tí wọ́n ń gbà kọjá. Mẹ́tìrì nawọ́ sí àwọn ọ̀nà funfun. Bàbá mi sún mọ́ ọn, ó fi ìbú ìka méjì wọn ọ̀nà náà, ó fi wọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó, ó ń ṣírò.

"Ọ̀nà yìí gbòòrò," ló wí. "Nǹkan kan kò lè gbà á kọjá kí èèyàn má rí i."

Ó wá béèrè bóyá òótọ́ ni pé bí koríko kò bá sí níbẹ̀, Sàlá kò ní lè máa kàwé lọ. Mẹ́tìrì ní òun kò lè búra, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rù ń bà òun nìyẹn. Ó ní kò sì sí ohun tí a lè ṣe mọ́, ọ̀la ni ọjọ́ pé, koríko ti kú.

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mẹ́tìrì, ogún ọdún ni mo ti ń pa koríko yẹn. Kò tíì kú."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó kó àwọn mọ́kànlá náà padà wá sídìí òkìtì koríko ẹ̀yìn ilé. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wò ó: àwọn àgbẹ̀ Manigri, tí ebè wọn lókìkí dé Pénéssoulou, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbin koríko. Wọn kò fi ẹnu wọn sílẹ̀ nílé. Bàbá Àlímì, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ló ń bu epo sí i. Ó ní, "Bàbá Sàlá, bó bá ta, ṣé gígún la ó gún un ni àbí sísun?" Òmíràn ní kí wọ́n má gbàgbé láti ti ọ̀pá sí i kó lè gùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà Bassila dúró wò wọ́n, wọ́n sì ní ìyàn ti da orí àwọn ará Manigri rú. Bàbá mi kò gbé ojú sókè. Ó ń fi ìka tẹ ilẹ̀, ó ń ti oríkèé koríko bọ̀ ọ́, ó ń bò ó, bí a ti í ṣe fún iṣu gan-an. Nígbà tí Bàbá Àlímì kò dákẹ́, ó dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀: "Sàlá ni ìkórè tèmi."

Kò sí ẹni tó ṣe àwàdà mọ́. Gbogbo wọn mọ Ìsúfù.

Ọ̀nà ni ó ṣe kẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó ta okùn láti ẹ̀bá ọ̀nà Bassila dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó ro ilẹ̀ ìbú ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ọ̀nà náà yí irúgbá ká láìkan gbòǹgbò rẹ̀, ó gbá a, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọgọ́jọ ìṣísẹ̀ ni. Ó rìn ín lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà ó pè mí, ó ní kí èmi náà rìn ín níṣojú òun. Ó ní ẹsẹ̀ mi kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà yìí títí òun yóò fi kú.

Alábẹ̀wò dé ní Sátidé. Koríko náà ti sùn mọ́lẹ̀ bí irun tí omi rọ̀ sí, apá kan ti ń pọ́n. Òyìnbó náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gba ojú ọ̀nà bàbá mi kọjá, ó wọ kíláàsì. Ó ní kí a kàwé. Èmi náà kà. Ó wo ìwé orúkọ, ó wo ìwé ìṣirò wa, ó bi Mẹ́tìrì ní ìbéèrè púpọ̀, ó sì jáde. Mo wà ní ìdí fèrèsé, mo ṣọ́ ojú rẹ̀ dáadáa. Kò wo koríko. Kò wo igi. Ó wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ó fẹ́ gbọn eruku bàtà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi wá béèrè bó ṣe lọ. Mẹ́tìrì sọ fún un pé alábẹ̀wò dúró láàrin pápá, ó yin ọ̀nà náà, ó sì béèrè ẹni tó ṣe é. Mo wo ojú Mẹ́tìrì. Òun náà wò mí. Títí bàbá mi fi kú, kò gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò tún ti irú irọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mọ́ ní ayé mi. Ní oṣù Òkítóbà, wọ́n ṣí kíláàsì náà.

Ìgbà kan ṣoṣo ni bàbá mi nà mí ní gbogbo ayé mi. Mo sá tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kúrò lójú ọ̀nà, sínú koríko, ní Ọjọ́bọ̀ kan tí a lọ bomi rin igi, tí òun náà sì wà níbẹ̀ tó ń ro ọ̀nà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nà mí ní ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sí ìdí ọ̀gànwó mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Láti ìgbà náà, n kò tún kúrò lójú ọ̀nà mọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ó ń wá, ní ọdún mẹ́rin tí mo tún lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Mẹ́tìrì lọ sí ìlú mìíràn, tí èmi náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní apá ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè, ìyá mi ní kò jáwọ́. Ó ní ọmọ ẹlòmíràn ń gba ibẹ̀.

Lónìí, èmi náà ti bímọ, n kò sì sàn ju bàbá mi lọ. Nàfí, àbíkẹ́yìn mi, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo ka wákàtí títí ó fi balẹ̀. Mo ní ìwé tí mo ń kọ ọjọ́ lẹ́tà rẹ̀ sí, bó bá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́, oorun mi ti dàrú. Ní oṣù tó kọjá, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́. Ilé alábíríkì pupa, fèrèsé funfun, igi ńlá, pápá. Ó jókòó sórí koríko, ó na ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù tó bà mí kò ṣeé sọ. Mo mọ̀ pé ìlú òtútù ni. Síbẹ̀, mo kọ lẹ́tà sí i lọ́jọ́ náà gan-an: ṣé wọ́n ń gé koríko yẹn, ta ló ń gé e, ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láti ibi tí ó ń sùn dé kíláàsì. Ọmọ mi mọ ìyá rẹ̀, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ó lọ rìn ín, ó kà á. Ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá. Ó ní, "Màmá, kò sí ejò níbí." Ó tún sọ ohun kan tí ó ní yóò dùn mọ́ mi: olùkọ́ wọn kan sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé náà, wọ́n fi koríko sílẹ̀ láìla ọ̀nà kankan, wọ́n dúró wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ń gbà, ibẹ̀ ni wọ́n sì wá tẹ́ òkúta sí.

Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wa nígbà tí mo padà sí Manigri kẹ́yìn. Kájú ti gba ibi tí oko iṣu bàbá mi wà, ó dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ilé alámọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wó. Kíláàsì tuntun jẹ́ ti sìmẹ́ǹtì, ó lágbára ju tiwa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní gun òrùlé rẹ̀ nítorí òjò, n kò sì ní sọ pé tiwa sàn jù. Ṣùgbọ́n wọ́n tò ó ní ìlà kan bí ìsọ̀ ọjà, ọ̀kan kò kọjú sí èkejì, alùpùpù sì ń wọlé dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Irúgbá ti lọ. Ọ̀gànwó mẹ́ta ló kù, karùn-ún lọ́wọ́ òsì wà lára wọn. Mo na apá mi yí i ká, ọwọ́ mi kò pàdé. Ní ti ọ̀nà bàbá mi, koríko ti bò ó. Mo dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Bassila, mo rìn ín láti orí, mo sì kà á. Ó ṣì jẹ́ ọgọ́jọ.

Àwòrán Nàfí wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀nà olókùúta ibẹ̀ lọ láti ilé dé ilé, ṣùgbọ́n mo ti rí òmíràn tí òun kò mẹ́nu kàn: ọ̀nà tóóró kan, ilẹ̀ lásán, ó gba àárín koríko kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó jókòó, ó yí gbòǹgbò igi kan ká láìkan án. Etí rẹ̀ gún régé. Ẹsẹ̀ nìkan kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, mo ti rí i tí bàbá mi ń fi ọkọ́ ṣe irú rẹ̀. N kò mọ ọmọ ẹni tó ń gba ibẹ̀, n kò sì mọ ẹni tó ń ro ó. Bó bá jẹ́ pé ó wà láyé, mo kí i: ẹ kú iṣẹ́ o.